Ọmọ Tí Wọ́n Rí ní Àgbàdo

Ọdún 2003 ni, ní Mọ́wè, fóònù kò tíì dé ọwọ́ tálákà. Nígbà tí Ọmọlabí ti Ọ̀ṣogbo dé, níbi tó ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ṣubú, àwọn àgbà inú ilé ló bá tí wọ́n jókòó dè é. Wọn kò jẹ́ kó sọ ẹrù kalẹ̀ tán kí wọ́n tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọkọ rẹ̀, Adépọ̀jù, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà, ló sọ ọ́ fún un. Ibà ló mú Ọláwùnmí, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Òun gbé e ní kùtùkùtù lọ sí ọsibítù ní Ìfọ́, nítòsí àwọn ẹbí òun, ibẹ̀ ló kú sí. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ti ń ṣe fún òkú ọmọdé.

Ọmọlabí ní kí wọ́n mú òun lọ síbi tí wọ́n sin ọmọ òun sí. Àwọn àgbà kọ̀. Òbí kì í wo ibojì ọmọ, kò sì sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ní kó fi ọkàn lé Ọlọ́run. Kò sunkún. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ń wo iwájú. Adépọ̀jù kó gbogbo aṣọ ọmọ náà sínú àpò kan, ó gbé e jáde, ó ní kí ojú ìyá rẹ̀ má baà máa rí wọn. Gbogbo ilé ní ọkọ gidi ni. Láti ìgbà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn sílé mọ́, wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń lé e kiri.

Nàfísàt àti Ìníolúwa, tí àwọn àti Ọláwùnmí jọ ń gbé inú ilé náà, tí wọ́n sì jọ ń lọ síléèwé, kò gbọ́ nǹkan kan ju pé kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ọmọdé tí a kò bá ṣàlàyé fún, á ṣàlàyé fún ara rẹ̀. Ìníolúwa, tí wọ́n ń mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọ̀run ni ọ̀rẹ́ àwọn wà. Nàfísàt bi í pé kí ló wá fẹ́ fi gbogbo aṣọ rẹ̀ ṣe lọ́run. Ẹni tó bá kó aṣọ lọ, ó ní ibi tó ti ń wọ̀ ọ́.

Ìyá Ròkíátù, ìyá àgbà Nàfísàt, ti dá wọn lóhùn tipẹ́, nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jọ ń jókòó lórí ẹní rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá kú tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, a máa lọ sí ìlú mìíràn, a máa jẹ, a máa mu, a máa ṣiṣẹ́ bí gbogbo èèyàn. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá pè é, á pòórá, ikú kejì nìyẹn, kò sì sí ibòmíràn tó tún lè lọ. Ọláwùnmí fẹ́ràn ìtàn náà. Òun ló máa ń ní kí ìyá àgbà tún un sọ.

Nígbà tí ìwọlé iléèwé kù díẹ̀, ìyá Ìníolúwa mú àwọn ọmọ méjèèjì lọ ra bàtà iléèwé ní ọjà Àgbàdo. Bó ti ń nájà lọ́wọ́, wọ́n rí ọmọbìnrin kan ní òdì kejì ojú irin, ó gbé ike omi lérí. Wọ́n ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ dídì ni irun Ọláwùnmí máa ń wà. Ó sì rù ju Ọláwùnmí lọ. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rí wọn. Ìníolúwa la ẹnu láti pè é, Nàfísàt sáré fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ike já bọ́ lórí ọmọ náà, omi dànù, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò wẹ̀yìn. Ọmọ ẹlòmíràn tí àlejò bá tẹjú mọ́ bẹ́ẹ̀ lè sá náà. Lójú àwọn méjèèjì, kò sí ẹ̀rí tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú wọn dùn. Wọ́n jẹ búrẹ́dì tí wọ́n rà fún wọn tán porogodo.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọmọlabí pè wọ́n wọ yàrá rẹ̀. Ó ti gbẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù òun, pé etí ọmọdé máa ń gbọ́ ohun tí àgbà ń fi pa mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Ibi tí wọ́n gbé e sí, àbí ohunkóhun tí ẹ bá ti rí. Ohun yòówù kó jẹ́."

Àwọn ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀. Nàfísàt wo ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é. Bí wọ́n bá sọ ọ́, obìnrin yìí á dìde lójú ẹsẹ̀, á gba Àgbàdo lọ, á sì pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sókè.

"A ò rí nǹkan kan, mà," ló wí.

Ìníolúwa náà ní àwọn kò rí nǹkan kan.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Ọmọlabí di ẹrù rẹ̀, tó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo. Adépọ̀jù ló bá a gbé báàgì dé ibùdókọ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń juwọ́ sí i, ọkàn wọn balẹ̀ pé ọ̀rẹ́ àwọn wà láàyè níbi tó wà.

Ní Àgbàdo, nínú yàrá tí òun àti ìyàwó tuntun bàbá rẹ̀ ń gbé, Ọláwùnmí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun rí Nàfísàt àti Ìníolúwa, nítorí bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé iná jó ilé àwọn ní Mọ́wè lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti Ọ̀ṣogbo dé, pé ìyá náà àti gbogbo ará ilé ló bá iná náà lọ, kò sì fẹ́ pe orúkọ wọn, kó má baà jẹ́ òun ni yóò tún pa wọ́n.