Ọtí Tí Bàbá Tu Dànù

Àwọn arìnrìn-àjò yòókù ń wo ògiri ahoro ìlú àtijọ́. Àbíkẹ́yìn ń ṣọ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ bí olóko ṣe ń ṣọ́ ọ̀bọ.

Oṣù keje rèé tí bàbá ti jáwọ́ nínú ọtí. Bí ó bá lè la òní já, ọkọ Àbíkẹ́yìn ti gbà kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn.

Àbíkẹ́yìn ò mọ̀ pé wọ́n máa tọ́ wáìnì wò níbi ìgbafẹ́ yìí.

“Ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ tu ú sí korobá yìí,” ni afinimọ̀nà wí.

Ife mẹ́jọ. Bàbá tu gbogbo rẹ̀.

“Ṣé o rí i, ọmọ mi? Ẹ̀kán kan ò kọjá ọ̀fun mi.”

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, Àbíkẹ́yìn pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. “Olówó orí mi, wọ́n yege o! Ẹ bá mi ṣí fèrèsé yàrá wọn.”

Ó bojú wẹ̀yìn. Àga bàbá ṣófo.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí,” ni afinimọ̀nà wí. “Wọ́n ní àwọn á bá mi da korobá yẹn nù. Bàbá yín mà láàánú o.”

Àbíkẹ́yìn sáré lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

Bàbá wà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé korobá sẹ́nu, ó ń mu wáìnì àti itọ́ èèyàn ogún.