Ẹbí Ti Gbà, Jọmílójú Ò Gbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọ obìnrin. Inú mi bàjẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì ní fi bò.

1.
Iṣẹ́ tíṣà ni Ìyáàfin Lydia Ọlánípẹ̀kun ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní Súrùlérè, bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ti di bàbá ọlọ́mọ ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Jọmílójú, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá. Nígbà tí Débọ̀, ọmọ ìyá ẹgbẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wá ń fẹ́ Jọmílójú, inú Lydia dùn ṣìnkìn. Wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹbí ọkọ tọrọ, ẹbí ìyàwó gbà, àlùfáà gbàdúrà. Láti ọjọ́ náà, Lydia kò pe Débọ̀ ní nǹkan míì mọ́ bí kò ṣe "ọkọ ẹ." Òun fúnra rẹ̀ ló ń se ọbẹ̀ tí yóò ní kí ọmọ rẹ̀ gbé lọ fún un.

2.
Ní ọjọ́ Sátidé kan, Jọmílójú gbé ọbẹ̀ lọ sílé Débọ̀. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó jókòó sórí àga láìbọ́ bàtà.

"Mọ́mì, Débọ̀ fipá bá mi lò pọ̀."

Lydia dìde, ó lọ ti fèrèsé. Ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ ṣe o! Ọmọ ń gbọ̀n, fèrèsé ni ìyá lọ ń tì, nítorí kí ará ilé kejì má bàa gbọ́.

"Ṣé ó lù ẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Mo ní mi ò fẹ́. Ó tilẹ̀kùn, ó ní tí mo bá ṣagídí, òun á fojú mi rí nǹkan. Ẹ̀rù bà mí. Ohùn mi ò jáde."

"Kò lù ẹ́, o ò pariwo, aṣọ ẹ ò ya. Kí wá ni fipá níbẹ̀? Jọmílójú, ọkọ ẹ ni. A ti gbà fún wọn."

"Ẹ̀yin lẹ gbà, mà. Èmi ò gbà."

Lydia wọ ilé ìdáná lọ. Ó gbé omi kaná, ó ní kí ọmọ lọ wẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ aṣọ ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó sá a sẹ́yìnkùlé. "Orúkọ rere sàn ju wúrà lọ," ló ń tún sọ ṣáá. Ní ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe Débọ̀. Débọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Kò tilẹ̀ jiyàn! Lydia mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi lé ọwọ́ Débọ̀, ó sì gbàdúrà lé wọn lórí. Jọmílójú ò ṣe àmín.

3.
Jọmílójú sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Fadilah, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà. Fadilah mú un lọ bá agbẹjọ́rò kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Rosaline. Rosaline ní kí wọ́n pe ìyá wá.

"Mà, ta ló sọ fún yín pé àìpariwo ni ìyọ̀ǹda?"

"Àmọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni. Ẹbí ti gbà."

"Ẹbí lè gbà kí wọ́n fẹ́ra. Ẹbí ò lè yọ̀ǹda ara ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ òfin Èkó, bíbá èèyàn lò pọ̀ láìjẹ́ pé ó yọ̀ǹda, ìfipábánilòpọ̀ ni, kódà kí aṣọ má ya. Téèyàn bá sì fi ìhàlẹ̀ tàbí ìbẹ̀rù gba ìyọ̀ǹda, kì í ṣe ìyọ̀ǹda rárá."

Ara Lydia tutù. Ogójì ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò mọ èyí.

"Ẹ ti fọ aṣọ, ó ti wẹ̀, ẹ̀rí ti lọ," ni Rosaline wá sọ. "Ẹ̀yin ló kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ̀yin la gbójú lé, mà."

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ìyá Débọ̀ tẹ Lydia láago. "Ìyá Jọmílójú, ṣé ẹ fẹ́ ká di ẹni yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni? Ọmọ tèmi, ọmọ tiyín, ọ̀kan náà ni."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kejì, ìyá Débọ̀ náà ti wà níbẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá obìnrin kan bi Lydia pé, "Mà, kí ni ọmọ yín sọ fún yín lọ́jọ́ náà?"

Lydia wo ìyá Débọ̀. Kò wo ọmọ rẹ̀.

"Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ìjà àfẹ́sọ́nà lásán ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Jọmílójú ò sunkún. Ó kàn ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò.

4.
Ẹjọ́ kú síbẹ̀. Débọ̀ ń yan fanda kiri. Orúkọ tí Lydia ń dáàbò bò ńkọ́? Ẹnu ìyá Débọ̀ kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ pé ọmọ Lydia ń purọ́ mọ́ ọkùnrin. Jọmílójú kó jáde, ó ń gbé lọ́dọ̀ Fadilah. Kò gbé ìpè ìyá rẹ̀ mọ́.

Ilé dá páropáro. Oorun ò kun Lydia mọ́. Ó padà sọ́dọ̀ Rosaline pé òun fẹ́ yí ọ̀rọ̀ òun padà. Rosaline mirí. "Agbẹjọ́rò wọn á bi yín pé èwo nínú méjèèjì ni irọ́, mà. Kí la máa sọ?"

Lydia gba ilé Fadilah lọ. Jọmílójú ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ó ti rù kan eegun.

"Ọmọ mi, dárí jì mí. Mo ti ṣetán láti sọ òótọ́."

"Ta lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún, mà? Èmi ti mọ̀ ọ́n."

Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Lydia jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, títí àwọn ayálégbé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá wò ó.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Bí ọmọ bá ní wọ́n fipá bá òun lò pọ̀, ẹ má bi í bóyá ó pariwo. Ẹ má jẹ́ kó wẹ̀, ẹ má fọ aṣọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má dúró ro ohun tí ayé máa wí. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kò sọ ara ọmọ yín di ti ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó bá sì ń ka ìwé yìí, ẹni tí ẹ̀rù pa lẹ́nu mọ́ kò gbà fún ọ. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.