Ohùn Ẹ̀yìn Fèrèsé

Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ dá mi sílẹ̀ ní ọsibítù alárùn ọpọlọ, bí mo bá lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo dáadáa. Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí Dókítà Ògúnrìndé pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ṣé o ṣì ń gbọ́ ohùn ẹni tí o ò rí?"

"Rárá, sà."

Mi ò tíì pa ẹnu dé tí obìnrin kan fi pè mí lẹ́yìn fèrèsé. "Àwẹ̀ró." Oríkì mi ni. Ìyá mi àgbà nìkan ló ń fi í pè mí, ó sì ti kú. Òun náà ló kìlọ̀ fún mi pé bí mi ò bá rí ẹni tó pè mí, n kò gbọdọ̀ dáhùn. Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Bírò dókítà dúró lórí ìwé. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"O ò gbọ́ nǹkan kan, àbí?" Ó dà bíi pé ó fẹ́ kí n gbọ́.

Mo fura. Bóyá àwọn ló gbé obìnrin náà síbẹ̀ láti fi dán mi wò.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

Ohùn náà rọ̀. "Àkànó. Àkànó ọmọ mi."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. Mo fẹ́ ní kó má dáhùn, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn, mi ò sì ní délé mọ́.

"Mà," ó dáhùn bí ọmọdé, ó dìde, ó sì jáde.

Ohùn náà kò pè mí mọ́.