Kọ́ìlì Ẹ̀fọn Tí Wan-ju Tàn Nínú Yàrá Ewé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó wà ní yunifásítì, pàápàá èyí tó ń múra àtilọ sókè òkun.

1.
Ọmọ Taiwan ni Wan-ju. Ó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ló ń kọ́. Ìyá rẹ̀ ń ta oúnjẹ àárọ̀ nílùú Miaoli ní Taiwan. Nígbà tí ilé ìwádìí kan ní Japan gbà á pé kó wá lo ìsinmi ìgbà ooru lọ́dọ̀ àwọn, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, mi ò lọ ṣeré o. Dandan ni kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí ibẹ̀ kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún mi kí n lè padà lọ gboyè kejì níbẹ̀."

Kò sì ṣeré lóòótọ́. Òun ló ń kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, òun ló ń kẹ́yìn kúrò.

Kòkòrò sílíìkì ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, àwọn ìdin funfun tó ń pọ òwú jáde lẹ́nu. Ewé mọ́bẹ́rì nìkan ni oúnjẹ wọn. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wo ní Taiwan ni kò sin irú rẹ̀ rí nínú páálí bàtà? Ibẹ̀ gan-an ni ìgbéraga ti wọlé.

2.
Isobe, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, ni wọ́n ní kó fi iṣẹ́ hàn án. Yàrá kòkòrò mẹ́ta ló wà níbẹ̀; àwọn kòkòrò inú yàrá Isobe, ìran tó ń pọ òwú pupa rúsúrúsú, ni iṣẹ́ oyè rẹ̀ dúró lé lórí.

"Jókòó, Wan-ju, kí n sọ òfin ilé fún ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe wàhálà. Láti kékeré ni mo ti ń sin wọ́n. Tèmi ò kú rí!"

Isobe rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ìyá àwọn kòkòrò. Ṣùgbọ́n gbọ́ eléyìí: lọ́fínńdà, èéfín, oògùn ẹ̀fọn, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn tàbí ewé wọn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mo gbọ́."

Orí ló ń mì, etí kò sí níbẹ̀. Ó ti ń ṣa ewé nínú apẹ̀rẹ̀.

3.
Nígbà tí àjọ̀dún Obon dé, Isobe wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé láti bá àwọn ẹbí rẹ̀ kí ẹ̀mí àwọn baba ńlá wọn káàbọ̀. Ó fi yàrá rẹ̀ lé Wan-ju lọ́wọ́. Inú ọmọ náà dùn. Ó ní òun á fi han ọ̀jọ̀gbọ́n pé òun mọ kòkòrò sìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sí yàrá ewé, níbi tí wọ́n ń kó oúnjẹ gbogbo kòkòrò sí, ó ń gé ewé sílẹ̀ de àárọ̀. Ẹ̀fọn bò ó lẹ́sẹ̀. Ó ṣáà ń gbá wọn, ó ń bú wọn. Nígbà tó sú u, ó lọ mú kọ́ìlì ẹ̀fọn láti ilé tó ń sùn, ó tanná sí i, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀fọn sá lọ. Ó gé ewé náà tán tayọ̀tayọ̀.

4.
Láàárọ̀, kété tí wọ́n jẹ ewé yẹn, àwọn kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sókè. Wọ́n ń bì, wọ́n ń ká jọ. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kurata tó dé, ọ̀pọ̀ ti kú.

"Ṣé ẹnikẹ́ni lo oògùn ẹ̀fọn níbí?"

Wan-ju rántí kọ́ìlì àná. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn ló wá sí i lọ́kàn, àti ojú ìyá rẹ̀.

"Rárá o, sà."

Áà, ọmọ yìí! Irọ́ kan ṣoṣo yẹn ló sọ òfò kan di mẹ́ta. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á gbọ́. Ó ní a jẹ́ pé Baba Ogata, àgbẹ̀ onírẹsì tó múlé gbè wọ́n, ti fọ́n oògùn sóko, afẹ́fẹ́ sì ti gbé e wá sórí ewé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má já ewé mọ́bẹ́rì inú ọgbà ilé ìwádìí mọ́. Ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa kòkòrò yàrá méjì yòókù.

Isobe sáré padà dé. Ó lọ bá Baba Ogata lóko.

"Èmi?" ni baba náà wí. "Èmi tí mo máa ń wá kan ilẹ̀kùn yín kí n tó fọ́n oògùn? Kí ni mo ṣe fún yín?"

Isobe kúrò níbẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó ń wá ewé káàkiri ìlú nínú oòrùn, kí tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa kú bíi tirẹ̀.

5.
Ní ọjọ́ kẹrin, ebi ti pa ọ̀pọ̀ kòkòrò yàrá méjì yòókù kú. Nígbà tí Wan-ju rí Isobe tó gbé ìwọ̀nba ewé wọlé pẹ̀lú ètè gbígbẹ, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó wólẹ̀ níwájú òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Èmi ni. Mo tan kọ́ìlì nínú yàrá ewé. Mo purọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó dìde. "Èmi náà ti pa kòkòrò rí. Ẹni tí kò pa á rí, kò tíì sìn ín tó. Ká ní o sọ ọ́ láàárọ̀ tí mo bi ọ́ ni, yàrá kan là bá pàdánù. Wàyí o, mẹ́ta ni, a sì ti ba orúkọ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Lẹ́tà yẹn, mi ò lè kọ ọ́."

Wan-ju yíjú sí Isobe. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n dúró bá yín ṣe é. Màá ṣe é tọ̀sántòru."

Isobe nu ojú rẹ̀. "Ẹyin wọn díẹ̀ ṣì wà nínú fíríìjì. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ẹ."

Kí Wan-ju tó kúrò nílùú, ó lọ tẹrí ba fún Baba Ogata. Baba gbọ́ ọ tán, ó padà sínú oko rẹ̀.

6.
Wan-ju ti tún ń kọ̀wé síbòmíràn. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń bi í pé ta ló lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀ ní Japan. Òótọ́ ló ń sọ fún wọn. Ibi méjì ti kọ̀ ọ́, ó sì ti ń kọ sí ẹ̀kẹta. Ó ní òun ò ní purọ́ wọlé, òun ò sì ní jókòó sílé.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń wá ọ̀nà àtilọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ fi "mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀" sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ tẹ́tí sí ẹni tó ṣáájú yín. Bí ọwọ́ yín bá sì ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè sọ ọ́, kó má bàa di gbèsè ẹlòmíràn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.