Àmín Tó Jáde Lẹ́nu Mi

Ọkọ̀ wa ti fẹ́ dé ẹnubodè.

Aránṣọ ni gbogbo àwọn obìnrin tá a jọ wà nínú ọkọ̀. Wọ́n ń lọ rán aṣọ ilé ìwé lórílẹ̀-èdè kejì, Àǹtí, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, sì mú mi dání kí n lè máa bá wọn rán bọ́tìnnì.

"Àbúrò mi rèé o," bó ṣe fi mí hàn wọ́n nìyẹn nígbà tá a wọkọ̀ láàárọ̀.

Ìyá Onítéèpù, tí téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ta lo ń sọ fún? Ṣé a ò lójú ni? Ẹ jọra bí ìmumu!"

Bá a ṣe wá ń sún mọ́ ẹnubodè yìí, dírẹ́bà ṣàdédé tẹ bíréèkì.

Àǹtí ń sùn, àmọ́ kó tó lajú, ó ti na apá dí mi láyà, kí n má baà forí sọ àga iwájú.

Àánú ṣe Ìyá Onítéèpù. "Ẹ wo bó ṣe ń ṣìkẹ́ àbúrò! Látọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò tíì gbọ́mọ pọ̀n."

"Ọlọ́run ò tíì fún mi ni, Mà." Àǹtí ò wojú mi.

Ni ìyá bá bọ́ sádùúrà. "Wàá gbọ́mọ pọ̀n! Wàá gbọ́mọ jó! Ẹni tó máa pè ọ́ ní màámi ò ní pẹ́ dé!"

"Àmín!" Ọkọ̀ mì tìtì.

Tèmi ló le jù. Wọ́n tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Ìyá àgbà tó tọ́ mi ti kìlọ̀ kí n tó kúrò nílé: "Àǹtí ni kó o máa pè é o. Ọkọ rẹ̀ ò mọ̀ pé ó ti bímọ rí."

Ọwọ́ màámi ṣì wà láyà mi.