Kọ́sítáàdì Emlyn

Nídìí oúnjẹ ọjọ́ Kérésì ni Carys ti sọ ọ́, kò sì fi sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Oṣù Karùn-ún ni mo máa bímọ. Ẹni tó bá ṣì ń fa sìgá nínú ilé yìí ò ní gbé e. Mi ò ṣeré o."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Emlyn, bàbá rẹ̀, tó ti ń fa sìgá láti ìgbà tó ti wà ní iléeṣẹ́ irin ní Llanelli. Blodwen, ìyá ìyá Carys, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọjọ́ tí ọkọ mi kú lèmi ti jáwọ́," ó ní. "Ọdún kọkànlá rèé. Ọkàn akin ló ń gbà. Ẹ bi Emlyn bóyá ó ní in."

Emlyn ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó da ìyókù sìgá rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí. Glenys, ìyàwó rẹ̀, ra fépù fún un, sìgá oníbátìrì tó ń yọ èéfín olóòórùn dídùn. Omi tí wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, Glenys fúnra rẹ̀ ló ń pò ó, torí ó fẹ́ mọ ohun tó ń wọ ọkọ òun lára: gilisárìn, nikotíìnì díẹ̀, àti ogún ẹ̀kán èròjà adùn kọ́sítáàdì láti iléeṣẹ́ kékeré kan. Yóò wá tọ́jú ìgò náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìyá rẹ̀ lókè. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kọ́sítáàdì fi ń wọra.

Glenys kì í fẹ́ kí wọ́n fà á ní pálọ̀, nítorí náà òkè ni Emlyn máa ń gbé e lọ. Blodwen kò dákẹ́ lórí ẹ̀.

"Aṣọ ìsùn mi pàápàá ń run kọ́sítáàdì," ó ní. "Àfi bíi pé inú ìkòkò ni mò ń sùn."

"Ẹ jọ̀ọ́ Mam, ẹ fara dà á," Glenys bẹ̀ ẹ́. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì báyìí tí kì í mí hẹlẹ mọ́?"

Ní oṣù Kejì, ẹni tó ni iléeṣẹ́ kékeré yẹn fẹ̀yìn tì, ó sì ti ibẹ̀ pa. Glenys kò bẹ̀rù. Ó ra ti iléeṣẹ́ mìíràn.

"Ṣé kọ́sítáàdì ju kọ́sítáàdì lọ ni?" ó ní, ó sì kán ogún ẹ̀kán sí i bó ṣe máa ń ṣe.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, Emlyn gbé ìgò náà gòkè. Kì í sọ̀rọ̀ lórí ìgò lójú ẹsẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó wúkọ́, ó sì dájọ́.

"Ọṣẹ ni. Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ogun àgbáyé."

"Lẹ́yìn ogun? Wọ́n tíì bí ẹ nígbà yẹn ni?"

"Wọ́n sọ fún mi ni."

Glenys lọ ka ohun tí àwọn apomi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó rí i pé orúkọ lè jọra kí agbára má jọra: ogún ẹ̀kán ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lè jẹ́ mẹ́jọ péré ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ó kán mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ méjì. Emlyn gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wúkọ́.

"Omi lásán."

Ó wá ti iléeṣẹ́ kẹta, ó kán méjìlá. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn.

"Ó ti ń sún mọ́ ọn," Emlyn ní, lẹ́yìn ikọ́. "Òórùn ẹyin inú ẹ̀ ló pọ̀ jù. Eyín kì í sì í gbà á."

"Eyín ẹ kẹ̀? Kí ló ṣe eyín ẹ?"

"Kò sí nǹkan kan, Glenys. Ṣáà dín in kù."

Lọ́jọ́ Thursday kan, Glenys ń bomi rin òdòdó lábẹ́ fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀ nígbà tó rí i: àjókù sìgá, nínú ìkòkò òdòdó. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́kún.

"Emlyn! Emlyn, kí lèyí? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n bí ọmọ ọ̀hún! Ṣé o ò fẹ́ gbé e ni?"

Emlyn jáde. Ó wo sìgá náà. Ó wo fèrèsé òkè, ó tún wo ìyàwó rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Má bínú."

Fèrèsé òkè ṣí, Blodwen sì yọrí.

"Àgbàyà! Emlyn, ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́?"

"Ó ń tì mí, Mam."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Glenys pa èròjà iléeṣẹ́ méjì pọ̀: ẹ̀kán mẹ́sàn-án láti ti iléeṣẹ́ kẹta, fàníllà mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, ẹ̀kán kan ṣoṣo tó ń run bí bọ́tà. Ó fi síríńjì fà á, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó mì ín títí apá fi ń ro ó. Ó gbàdúrà lé e lórí pẹ̀lú, ohun tí kò ṣe sí àwọn yòókù.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó gbé ìgò náà lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Tí kì í bá ṣe eléyìí, Emlyn, mi ò mọ ohun tí màá ṣe mọ́. Mo fẹ́ rí ẹ pẹ̀lú ọmọ yẹn lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan náà ni mo fẹ́."

"Fọkàn balẹ̀," Emlyn ní, ó sì gòkè lọ. Glenys dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó di igi rẹ̀ mú.

Lókè, Emlyn, tí èéfín kankan kò kan ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ kejì Kérésì, rọra kan ilẹ̀kùn ìyá ìyàwó rẹ̀, ó wọlé, ó na ìgò náà sí i, Blodwen sì yọ fépù tí Glenys rà láti abẹ́ òwú inú àpò ìhunṣọ rẹ̀, ó rọ ọ́ kún, ó fà á, ó dijú pẹ́, ó tú èéfín jáde ní ihò imú méjèèjì, ó ní, "Lọ sọ fún un pé o ti rí i, ọmọ mi, má sì gbàgbé láti wúkọ́."