Tẹlifíṣọ̀n Tí Kì Í Lọ́ra

Ìyá aránṣọ ti yí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n po lẹ́ẹ̀mẹta, kò tíì rí èyí tó wù ú.

"Ẹ wo èyí, Mà," ni ọkùnrin tó ń tajà wí. "Ó fẹ̀ bí ògiri, owó yín sì ká a."

Ìyá tẹ bọ́tìnì géèmù tí wọ́n so mọ́ ọn. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹ̀ kọ́kọ́ ń ronú kó tó sáré.

"Èyí ti lọ́ra jù."

Ọkùnrin náà gbé kékeré kan wá. Ìyá yọ kọ̀ǹpútà tó fi ń ya àwòrán aṣọ nínú báàgì ẹ̀, ó so ó mọ́ ọn, ó sì ka àwọn lẹ́tà wínníwínní ibẹ̀ láìwọ awò ojú. Ó tún tẹ bọ́tìnì géèmù. Kíá, agbábọ́ọ̀lù ti fò.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Ọmọ yín á gbádùn ẹ̀ gan-an, Mà."

"Ọmọ mi wà lókè òkun. Èmi ni mo fẹ́ máa fi bá a gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Tí mo bá pè é lórí fóònù, 'Kò séwu, Màámi' náà ló máa ń sọ. Àmọ́ tí mo bá ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ẹ̀, á bú sẹ́rìn-ín, ẹnu ẹ̀ á wá là. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, pé òun ò róorun sùn mọ́. Jọ̀ọ́, tètè bá mi dì í. Agogo mẹ́rin ló ń retí mi."